Ìwé Tí Wọ́n Fi Ìparí Rẹ̀ Wé Ẹ̀pà

Mo ti dàgbà ju ẹ̀gbọ́n mi lọ báyìí. Ó fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ nígbà tí àwa méjèèjì jọ ń sùn lórí ẹní kan ní Aboabo ní Kumasi, ṣùgbọ́n orí ogún ọdún ló dúró sí, èmi sì ń ka tèmi lọ. Oyún kẹta ló bá lọ, òun àti ọmọ inú rẹ̀. Kì í ṣe ìyá kan náà ló bí wa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tí kò tíì mọ ìrìn, ìyá rẹ̀ lọ fẹ́ ọkọ míràn ní Tamale, ó sì fi í sílẹ̀ fún wa nítorí pé ọmọ ilé wa ni. Ẹ̀gbọ́n ni mo máa ń pè é, "ẹ" ni mo sì máa ń lò fún un. Bí ẹ bá rí i tí mò ń wí pé "ó" níbí, ẹ má rò pé ojú mi là sódì. Mo kàn fẹ́ kí ó yé yín pé ẹnì kan ṣoṣo ni mò ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí n tètè wí èyí kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi kẹ́dùn. Mo purọ́ fún un nígbà kan, mo sì mọ ìdí tí mo fi pa irọ́ náà. Àwọn tí mo ti sọ ọ́ fún máa ń ní ọmọdé ni mí nígbà yẹn. Ọmọdé ni mí lóòótọ́. Ọmọdé tó mọ ohun tó ń ṣe ni.

Bàbá bàbá mi ló gbé igbá wòsìwòsì láti Ìlọrin dé Kumasi: òòyà, díńgí, abẹ́rẹ́, òwú, bọ́tìnnì. Nígbà tí ìjọba Ghana lé àwọn àjèjì, ó ti kú, àwọn ará wa púpọ̀ sì di ẹrù wọn, wọ́n padà sílé. Ìyá Àgbà, ìyàwó rẹ̀, ní òun ò lọ síbì kankan, pé sàréè ọkọ òun wà níbí, ta ni òun yóò fi í sílẹ̀ fún. Bẹ́ẹ̀ la ṣe kù. Yorùbá la ń bá Ìyá Àgbà sọ, Hausa la ń bá àwọn ará àdúgbò sọ, Twi lọ́jà. Àwa ọmọbìnrin méjì la wà nínú ilé, èmi nìkan ni mo sì ń lọ síléèwé òyìnbó. Màkáráńtà ni ẹ̀gbọ́n mi lọ, ó ka Kùránì já, lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé tábìlì òòyà kan fún un létí ọjà Kejetia.

Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún méjìlá, àìsàn dá Ìyá Àgbà dùbúlẹ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko ni kò fi lè dá jókòó. Àwọn dókítà ní kí a máa gbé e lọ sílé, ohun tí wọ́n ní lọ́kàn sì yé wa. Àfáà kan ní àdúgbò Sawaba, ọmọ Ìlọrin bíi tiwa, tó ti ju ẹni àádọ́ta ọdún lọ, ló ń wá wò ó láràárọ̀. Á kọ áyà Kùránì sára wàláà, á fi omi fọ tàdáwà náà sínú abọ́, Ìyá Àgbà á sì mu ún. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Lọ́jọ́ kan tí ara ni ín gan-an, Ìyá Àgbà ké sí bàbá mi, ó ní kó jẹ́rìí sí ohun tí òun fẹ́ sọ: bí Ọlọ́run bá gbé òun dìde, òun yóò fi ọmọbìnrin kan nínú ilé yìí ṣe sàráà fún Àfáà.

Ọlọ́run gbé e dìde. Kí oṣù tó pé, ó ti ń rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ti ń bú àwọn ewúrẹ́.

Ẹni tí kò bá mọ ìṣe wa lè rò pé a fẹ́ fìyà jẹ ọmọ ni. Wọn ò rò ó bẹ́ẹ̀. Bí ẹlòmíràn ṣe ń pín àkàrà fún àwọn ọmọ kéwú, tí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ gbé e ń fa àgbò, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí Ọlọ́run ṣe oore ńlá fún ṣe ń mú ọmọbìnrin fún àfáà láìgba ohunkóhun. Ìyàwó sàráà là ń pè é. Àwọn èèyàn á máa wá kí yín, wọ́n á ní ẹ ti tún ọ̀nà àlùjánńà yín ṣe. Kò sí ẹni tó ń bi sàráà pé ṣé ó fẹ́. Ṣé ẹ ti bi àgbò rí?

Bàbá mi yan ẹ̀gbọ́n mi. Òun ló dàgbà, kò sí níléèwé, kò sì ní bàbá tí yóò bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n so yìgì kí ààwẹ̀ ọdún tó ń bọ̀ tó wọlé, nígbà tí yóò ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Nígbà tí wọ́n sọ fún un, ó ní "Tò," ó sì padà sídìí ìkòkò tó ń fọ̀. Àfáà ti ní ìyàwó méjì tẹ́lẹ̀, ẹlẹ́hàá ni àwọn méjèèjì, ẹnikẹ́ni kì í rí wọn níta lọ́sàn-án. Ẹ̀gbọ́n mi tó máa ń fi Twi bá gbogbo Kejetia ṣe àríyànjiyàn láti òwúrọ̀, tí ohùn rẹ̀ ń bo ti àwọn tó ń pe èrò sí ọkọ̀ tirótiró mọ́lẹ̀, òun náà ni yóò wọ ẹ̀há.

Ọdún yẹn ni mo rí ìwé náà. Obìnrin Aṣánti kan ń ta ẹ̀pà sísun nítòsí tábìlì wa, bébà ìwé àlòkù ló sì fi ń wé e. Ẹ̀yìn ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìwé ya, kí èèpo iwájú lè di ìyókù mú títí tó fi máa tán. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ó gbé ìwé náà lé itan, ó ń bu ẹ̀pà fún ẹlòmíràn, mo sì tẹ̀ síwájú, mo ka ojú ewé àkọ́kọ́ lórí ìdúró. Nígbà tí ó yí padà sí mi, mo ní ìwé náà ni mo fẹ́, kì í ṣe ẹ̀pà. Ó fi Twi bi mí pé ṣé bébà ni mo fẹ́ máa jẹ báyìí. Mo fi òòyà kan pààrọ̀ rẹ̀, òòyà tí kì í ṣe tèmi.

Ẹ̀yìn ìwé náà ti lọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Mo fi bébà àpò sìmẹ́ńtì bò ó bí a ṣe ń bo ìwé iléèwé, kò sì sí ẹni tó lè wò ó lókèèrè kó mọ̀ pé kò ní ìparí.

Lẹ́yìn ìrun Àìlà, nígbà tí oòrùn bá ti le tí ọjà bá ń tòògbé, mo máa ń ti iléèwé bọ̀ wá jókòó sórí àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ mú ìwé náà jáde, ó ní kí n lọ fọ ọwọ́ mi.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìtàn lásán ni o."

Ó ní, "Ìwé ni ìwé."

Ní màkáráńtà tiwọn, ọmọ tó bá jẹ́ kí ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ kan ilẹ̀, pàṣán ni yóò jẹ. Títí tó fi dàgbà, bí ó bá rí bébà tí wọ́n kọ Lárúbáwá sí lójú títì, á ṣà á, á fi há ihò ògiri kí ẹsẹ̀ má baà tẹ̀ ẹ́. Kò yọ ti òyìnbó sílẹ̀. Ó ní, "Ẹnì kan jókòó kọ gbogbo èyí. Ta ló máa fi tàdáwà tó pọ̀ tó báyìí purọ́?" Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ń ro mí. Mo ní àwọn kan máa ń jókòó ro ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí, wọ́n á kọ ọ́, wọ́n á tà á. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí ibà ń dà láàmú. Ó ní ìlú náà wà níbì kan, kí n sáà máa kà á. Nígbà tó yá, èmi náà dákẹ́ àríyànjiyàn.

Ìlú kan ni, tí wọ́n mọ odi gíga yí ká. Iyọ̀ burúkú kan ti wọ inú omi wọn láti ayé àwọn baba ńlá wọn, ẹnikẹ́ni kì í sì í kọjá ọgbọ̀n ọdún láàrin wọn. Bí ọdún náà bá ti ń pé, ẹyinjú á kọ́kọ́ funfun, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó parí nìyẹn. Nítorí pé ẹ̀mí wọn kúrú, gbogbo nǹkan ni wọ́n ń kánjú ṣe. Bí ọmọbìnrin bá ti pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n á rán orúkọ rẹ̀ sára aṣọ funfun kan, wọ́n á fi kọ́ okùn létí kànga ìlú. Ọkùnrin tó bá ń wá ìyàwó á lọ já aṣọ kan, kò ní béèrè ojú ẹni tó ni ín. Ọmọbìnrin tí ìtàn náà dá lé lórí ń fa omi níbi kànga yẹn pẹ̀lú àbúrò rẹ̀, ó sì débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí i pé wọ́n ti já aṣọ òun.

Bí mo ṣe ń kà á ni mò ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, níbi tí Yorùbá mi bá ti tán, mo fi Twi dí i. Nígbà tí a dé ibi tí wọ́n ti sọ pé àwọn àgbà ìlú jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní ọmọ ìyá oníkókó tó ń ta ògì ládùúgbò wa ti pé méjìdínlọ́gbọ̀n, ó ṣì ń bá àwọn àbúrò rẹ̀ jà sí ẹran, òun ni yóò wá máa dájọ́ fún ìlú. Lẹ́yìn náà ó fi etí ìborí nu ojú. Ó ní, "Níbẹ̀ yẹn, kò ní sí ìyá àgbà kankan tí yóò jẹ́jẹ̀ẹ́." Ó yí ojú padà sí àwọn òòyà rẹ̀, ó ń tò wọ́n.

Ìwé náà wọ̀ mí lára ju bó ṣe yẹ lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ orí ẹni gbogbo tí mo bá rí. Olùkọ́ ìṣirò wa ti kú. Bàbá mi ti kú. Ìyá mi kù ọdún kan, mo sì ń wo ẹyinjú rẹ̀ nígbà tó bá ń bu oúnjẹ fún mi. Tirótiró tó kún fún òkú ni mo ń wọ̀ lọ síléèwé. Ní Aboabo, gbogbo agbo ilé ló máa ń sá aṣọ sórí okùn láàárọ̀, bí mo bá sì ń gba abẹ́ aṣọ funfun kọjá, orí mi á máa wú. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí mo mọ̀ pé Ìyá Àgbà á ní kí wọ́n fọ wàláà fún èmi náà kí n mu ún.

Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ púpọ̀. Lọ́jọ́ kan, nígbà tí n kò tilẹ̀ tíì ṣí ìwé náà, ó ní, "Aṣọ tèmi ni wọ́n já yẹn." Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n má bá òun jiyàn, kí n ṣí ìwé.

Ọjọ́ Àtìní kan, nígbà tí yìgì kù ọ̀sẹ̀ méjì, ó fà mí mọ́ra lẹ́yìn tábìlì. Ó ní obìnrin alálùbọ́sà kan wà tó máa ń lọ sí Tamale ní gbogbo Àlàmísì pẹ̀lú ọkọ̀ ẹrù, ó sì ti gbà láti mú òun lọ bá ìyá òun. Ẹrù òun ti wà lábẹ́ tábìlì, nínú àpò òwú. Ó ní, "Ìwọ nìkan ni mo sọ fún. Bá mi parí ìwé yẹn kí ó tó di Àlàmísì. Mo fẹ́ mọ bí ó ṣe rí fún un." Ọmọbìnrin inú ìwé náà ti pinnu láti fo odi nígbà náà. Inú mi dùn, wàláhì, inú mi dùn dé ìka ẹsẹ̀. Mo fún un ní ìborí mi tó ní òdòdó, pé kó fi bojú lójú ọ̀nà.

Mo ti ní ìparí kan nílẹ̀ fún un. Láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni mo ti ń pète rẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé ìwé máa tán lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan. Ọmọ náà yóò fo odi, yóò rìn títí, yóò kan odò kan tí kò ní iyọ̀, yóò mu ún ní àmuyó. Yóò wá padà wá fi ọ̀nà han àbúrò rẹ̀. Ó dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń dá rẹ́rìn-ín ní kíláàsì.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àlàrùbá, ọ̀la rẹ̀ ni Àlàmísì, mò ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ń kóná lójúde, mo sì gbọ́ ohùn Ìyá Àgbà àti bàbá mi nínú yàrá. Bàbá mi ní ojú ọmọbìnrin yẹn kò dára mọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta, pé bí ó bá kọ̀ ńkọ́, bí ó bá sá ńkọ́.

Ìyá Àgbà ní, "Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni nígbà tí mo jẹ́jẹ̀ẹ́. Ọmọbìnrin kan ni mo wí. Bí èyí bá sá, èkejì wà ńlẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún Ọlọ́run lọ́jọ́ alẹ́ mi."

Mo dúró pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Mò ń retí kí bàbá mi sọ̀rọ̀. Bàbá mi tó máa ń gbé ìwé èsì ìdánwò mi lọ fi han àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí, tó ní èmi ni yóò kọ́kọ́ wọ yunifásítì nínú ìran wa, húkọ́. Ó tún húkọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì béèrè bóyá Ìyá Àgbà ti jẹun. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, mo fọ ọwọ́ mi, mo jókòó sórí àpò, mo ṣí ìwé. Mo ka ojú ewé mẹ́rin tó ṣẹ́kù. Ọmọbìnrin náà gun odi, ó dé òkè rẹ̀, ó rí òkùnkùn ìta, ó gbé ẹsẹ̀ kan kọjá. Ibẹ̀ ni ìwé tán. Mo ṣí ojú ewé tó kẹ́yìn, bébà sìmẹ́ńtì nìkan ló kù níwájú mi, mo tẹ ojú mọ́ ọn, mo sì ń bá a lọ bí ẹni tó ń kàwé.

Mo ní ọmọbìnrin náà bọ́ sílẹ̀ sí òdìkejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rọ́. Mo ní afẹ́fẹ́ ìta burú ju omi inú ìlú lọ. Ó rìn fún ọjọ́ mẹ́ta, ètè rẹ̀ là, ó ń pe ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ kò gbọ́. Ẹyinjú rẹ̀ funfun lọ́jọ́ kẹrin, ó kú sẹ́bàá ọ̀nà, kò sì sí ẹni tó sin ín. Mo ní àwọn ará ìlú mú àbúrò rẹ̀ dípò rẹ̀, òun náà sì kú, nítorí wọ́n mú un kí ó tó tó ọjọ́ orí. Mo fi kún un pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí kò sá, tó bá ọkùnrin tó já aṣọ rẹ̀ lọ, ṣe jẹ́jẹ́ nínú ilé ọkọ, Ọlọ́run yọ iyọ̀ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó hu ewú, ó gbé ọmọ ọmọ jó. Ewú àkọ́kọ́ ní ìlú náà. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, ó ń wá sẹ́nu mi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, n kò ta kókó níbì kankan.

Nígbà tí mo dákẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bẹ́ẹ̀ ló wà níbẹ̀?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ló wà níbẹ̀."

Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún, ó gbé e sórí àpótí òwú kí ó má baà kan ilẹ̀. Oníbàárà kan dé, ó ń wá òòyà onígi, ẹ̀gbọ́n mi sì dìde lọ dá a lóhùn.

Ní Àlàmísì, obìnrin alálùbọ́sà náà yà sọ́dọ̀ wa. Ẹ̀gbọ́n mi fi Hausa sọ fún un pé kó máa lọ, ó di ìgbà míràn. Obìnrin náà bi í lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá a lójú. Ó ní ó dá òun lójú. Nígbà tí ọkọ̀ náà lọ, mo mí kanlẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀: mo mí kanlẹ̀, ebi sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí.

Nígbà tí ọjọ́ pé, wọ́n so yìgì lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Wọ́n pín àkàrà àti mààsà, Ìyá Àgbà sunkún ayọ̀, gbogbo èèyàn kí i. Wọ́n mú ẹ̀gbọ́n mi lọ sí Sawaba, ó wọ ẹ̀há, ohùn rẹ̀ sì kúrò ní Kejetia. Èmi ni mo jókòó sídìí tábìlì náà lẹ́yìn iléèwé. Àwọn oníbàárà ń béèrè pé aláriwo yẹn dà, mo ní ó ti relé ọkọ.

Mi ò lè fọwọ́ kan ìwé náà mọ́. Mo fi há àjà, eku sì jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ìlú yẹn kò kúrò lára mi. Nígbà tí wọ́n bá pe ìrun Àsùbáà, mo ṣì máa ń sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí ẹní láti fún un láyè, kí n tó rántí. Títí dòní, bí mo bá ra ìwé, ojú ewé tó kẹ́yìn ni mo kọ́kọ́ ń ṣí, láti rí i pé ó wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n ṣe é.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi sá fún un. Sawaba kò jìnnà sí Aboabo, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín, ẹsẹ̀ lásán gbé e. Mo bá àwọn ará ilé lọ síbi ìsọmọlórúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, àmọ́ mo rí i dájú pé èrò wà láàrin wa, mo sì jẹun, mo dìde. Bí wọ́n bá fẹ́ rán mi sí i, iṣẹ́ iléèwé á pọ̀ lójijì. Ìyá mi ní ìwé ti ń sọ mí di agbéraga.

Nígbà tí oyún kẹta wọ oṣù keje, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ìyá Àgbà po ògì, ó se ọbẹ̀ ẹja, ó gbé abọ́ lé mi lọ́wọ́, kò sì gbọ́ àwáwí. Ọ̀sán ni. Àfáà fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó ti gbó, ó ń fi ọwọ́ di ògiri mú. Ó bi mí bí ìdánwò mi ṣe ń bọ̀, ó ṣàdúà fún mi níbẹ̀, àdúà gígùn tó dára, mo sì ń ṣe àmín. Ì bá tù mí lára bí ó bá jẹ́ òǹrorò.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí ẹní nínú yàrá, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì tó wú síwájú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn. Ojú rẹ̀ ti wú pẹ̀lú, àmọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kò yí padà. Mo gbé abọ́ kalẹ̀, mo kúnlẹ̀, mi ò dìde.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín."

Ó ní, "Ti ìwé yẹn?"

Mo kàn mi orí.

Ó ní, "Bébà sìmẹ́ńtì lò ń wò lọ́jọ́ yẹn. Mi ò gbọ́ òyìnbó, àmọ́ mo mọ bébà tí wọ́n kọ nǹkan sí yàtọ̀ sí èyí tí wọn ò kọ nǹkan sí. Ohun tó wà nínú ìwé ni mo gbà gbọ́. Ìyókù, ẹnu rẹ ló ti wá."

Mo bi í pé kí ló wá dé tí kò fi lọ.

"Ṣé ìwọ nìkan lo ní etí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni? Ojúde kọ́ ni mo wà? Mo rò ó láti òwúrọ̀ títí o fi dé ọjà. Mo ní jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí o máa kà. Ká ní o kà á pé kí n lọ, màá lọ, wàláhì, mi ò ní wẹ̀yìn. Nígbà tí o wá bẹ̀rẹ̀ sí í pa ọmọ ọlọ́mọ sẹ́bàá ọ̀nà, tí o tún pa àbúrò rẹ̀ mọ́ ọn, mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà ọ́."

Inú bí mi. Inú bí mi sí i gan-an, mo sì sọ ọ́. Mo ní ó yẹ kó gbá mi létí, kó bú mi, kó máa bá tirẹ̀ lọ sí Tamale, ta ló ní kó máa ṣàánú mi? Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ní kí n rọra sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ ń sùn.

Lẹ́yìn náà ó ní, "Ojúlówó ìparí rẹ̀ wá ńkọ́?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti fi wé ẹ̀pà kí n tó rà á."

Ó rẹ́rìn-ín, ó di ikùn rẹ̀ mú, ó ní kí n má pa òun. Ó nu ojú rẹ̀. Ó bi mí pé, "O ò wá mọ̀ bóyá ó kú?"

"Mi ò mọ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Á jẹ́ pé kò tíì kú nìyẹn."

Ó jẹun tán kí wọ́n tó pe ìrun Àlàásárì ní mọ́ṣáláṣí ìta. Ó ní kí n bá òun na ọwọ́ kí òun lè dìde ṣe àlùwàlá, mo fà á dìde, ó wúwo. Ó ní kí n kí Ìyá Àgbà, kí n sọ fún un pé iyọ̀ ọbẹ̀ náà pé. Ó ní kí n má pẹ́ mọ́, ọjọ́ ti ń lọ. Mo gbé abọ́, mo sì lọ sílé lọ kàwé fún ìdánwò mi.